Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Bàbá Frank

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ń kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní kánsù ìlú kékeré kan lápá àríwá ibẹ̀, níbi tí òtútù ti ń mú bíi pé ẹnìkan ló rán an sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ùsì-Èkìtì tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo rí kọ́ lọ́hùn-ún, èsì mi rè é.

Kánsù fẹ́ fagi lé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń gbé ará ìlú lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní èrò inú rẹ̀ kò pọ̀ tó. Àwọn arúgbó yarí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi gbé páálí dúró sẹ́nu ọ̀nà wa nínú òjò. Èmi tí mo jẹ́ ara òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá wọn dúró, ṣùgbọ́n mò ń gbé tíì jáde fún wọn. Frank ló ṣáájú wọn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè pe ẹni tó ju bàbá mi àgbà lọ ní Frank lásán. Bàbá Frank ni mò ń pè é. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Kí àwọn káńsẹ́lọ̀ tó dìbò lórí rẹ̀ nípàdé, òfin fún ará ìlú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́sàn-án forúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo aago, kí n sì máa lu agogo. Mo ti ka ìwé òfin ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìwé méjìlélógójì, kò sì sẹ́ni tó rán mi.

Frank ni ẹni kẹjọ. Orí àwọ̀ tí wọ́n fi kun bọ́ọ̀sì náà nígbà èwe rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ilé ìwòsàn. Mo gbé ọwọ́ sórí agogo, ọwọ́ kọ̀ fún mi. Ní Ùsì, ta ni yóò lu agogo lé àgbàlagbà lórí?

Káńsẹ́lọ̀ kan tó fẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà kásẹ̀ nílẹ̀ pariwo: "Alága, ṣé ọmọbìnrin yẹn ti sùn lọ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, kọjú sí mi. "Ṣé àkókò ti pé?"

"Ó ti pé, mà."

"Kí ló dé tí o kò lu agogo?"

"Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, mà."

Alága wo Frank. "Ó dáa. Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

Ìṣẹ́jú kẹjọ ló tó dé ibi tó ń lọ. Ó ní, "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Dorothy ìyàwó mi kú. Aago mẹ́rin géérégé ni bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀. Mo bá a láyé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Káńsẹ́lọ̀ méje ní kí bọ́ọ̀sì máa ṣiṣẹ́ lọ, mẹ́rin kọ̀. Kí wọ́n tó lè rí ẹni méje kó jọ, wọ́n ti gbà láti yọ ti aago mẹ́jọ alẹ́ kúrò, kí ti ọ̀sán máa lọ. Àwọn arúgbó ń dì mọ́ra wọn. Èmi náà sunkún.

Mo pe ilé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Bàbá mi ní, "O kú uṣẹ́, ọmọ mi. O ò dójú tì wá."

Ìyá mi gba fóònù. "Ẹni kẹsàn-án ńkọ́? Kí lòun sọ?"

Kelly ni ẹni kẹsàn-án, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án Frank ló jẹ àkókò rẹ̀. "Kò ráyè sọ̀rọ̀, Mọ́mì."

"Torí pé kì í ṣe àgbà?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó wà nínú ìwé òfin náà: bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, alága lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà. Èmi tí mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta ni mi ò béèrè.

Mo lọ sílé Kelly lọ́jọ́ kejì. Kò bú mi. Tíì ló fún mi. "Mò ń fọ ilẹ̀ nílé ìwòsàn yẹn. Aago méje àbọ̀ ni mò ń ṣíwọ́. Bọ́ọ̀sì alẹ́ ni mo fẹ́ bá wọn sọ." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo gbé e fún alága. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi í sí, oṣù mẹ́ta mi sì ti pé kó tó dọjọ́ náà. Kelly fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé wọn ò gbà á, bọ́ọ̀sì alẹ́ kò padà.

Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ń lọ títí di òní, mo sì ń fi yangàn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn arúgbó ló jà fún un, ìwọ̀nba tèmi wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ìpàdé ìlú wa ńbí, bí àwọn bàbá bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń dìde béèrè ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pè mí ní aláṣejù. Mo gbà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọkọ̀ òfurufú wálé, mo dúró de Kelly níwájú ilé ìwòsàn títí ó fi ṣíwọ́, a jọ fẹsẹ̀ rìn délé rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje ni.