Páìpù Ìyá Mi Lábẹ́ Páànù

Ní gbogbo àsìkò òjò ọdún tó kọjá, omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ nílé wa ní Ekurede-Urhobo, ní Warri, gba inú páìpù ẹ̀rọ ìyá mi kọjá kó tó dé inú dúrọ́ọ̀mù. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi ló so ó mọ́ etí òrùlé, lábẹ́ páànù, ó sì fi wáyà dè é dáadáa. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé, màá máa wo bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, á sì máa ṣe mí bí ẹni pé ọrùn mi gan-an ni wáyà náà dè.

Ìyá mi ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé òyìnbó kan ní Ajamimogha. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nínú kápẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní fákúùmù. Ó ti gbó nígbà yẹn pàápàá. Ó gùn gbọọrọ, ó sì dùbúlẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ méjì bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà gòkè sórí iyanrìn. Bàbá mi, apẹja Ìlàjẹ, yí i po títí, ó ní ẹni tó ṣe é yóò mọ ọkọ̀ gbẹ́. Aṣọ ni wọ́n hun bo páìpù rẹ̀, aṣọ àwọ̀ obì tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. A kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Eruku orí ibùsùn ni ìyá mi fi ń fà, àti ti aṣọ fèrèsé, àti ti ara Bíbélì. Nígbà tí ìyá mi náà kú, yàrá ẹ̀yìn àti ẹ̀rọ yẹn ló kàn mí. Ìyókù ilé kan bọ̀ọ̀dá mi.

Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí àìsàn ìyá mi le. Ilé ìfọṣọ kan ní Agbassa ni mo ti ń lọ aṣọ, iṣẹ́ tó bá mi lára mu, nítorí aṣọ kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù ń kó ẹrù jọ sí. Lọ́jọ́ kan mo rí fákúùmù mìíràn láàárín àwọn fáànù tó ti kú. Èyí dúró lóòró, ó sì gbé àpò aṣọ kan pọ̀n bí abiyamọ. Ojú tì mí láti béèrè. Mo kọjá, mo tún padà, mo ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀, kí n tó na ìka sí i. Ọkùnrin tó ni ẹrù rẹ́rìn-ín.

"My sister, this one don die since. Wetin you wan use am do?"

Mo san owó rẹ̀. Mo gbé e sórí, mo sì rù ú délé; wáyà rẹ̀ ló já, nígbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ọ̀kan tó rí rìbìtì bí ìkòkò omi, tó ní ẹsẹ̀ tó ń yí. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì ń kó fákúùmù jọ. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ náà gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn ẹnu wọn ni, èyí tí wọ́n ń kì bọ orí páìpù. Èyí tó fẹ̀ wà fún kápẹ́ẹ̀tì, èyí tó tóóró wà fún kọ̀rọ̀ àga, òmíràn sì wà tí wọ́n fi irun ẹṣin yí ká fún nǹkan ẹlẹgẹ́. Àní ẹnu tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ti sọnù, mo ń rà á. Inú páálí bísíkíìtì kan ni mo kó wọn sí lábẹ́ ibùsùn. Bí iná bá wà lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá ti ilẹ̀kùn, màá máa kì wọ́n bọ páìpù ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn ẹ̀rọ á yí padà. Èyí tó fẹ̀ á máa kùn, èyí tó tóóró á máa súfèé. Mo lè di ojú kí n sì mọ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi jẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tó wà lọ́jà Warri. Ó já fáfá. Gàrí àti epo pupa ló ń tà níwájú ilé wa, kò sì sí oníbàárà tó máa ń lọ láìrẹ́rìn-ín. Nítorí pé ó bá mi nínú ilé, ọkọ ni mo jẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù mí lọ. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè mí. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, lẹ́yìn náà á ṣe ohun tó wù ú.

Ohun tó wù ú ni yàrá ẹ̀yìn, kó lè máa kó àwọn kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ síbẹ̀.

Kí òjò ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀, mo bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú wa létí òkun fún ìsìnkú ẹbí bàbá mi kan. Nígbà tí mo dé, mo bá kẹ́ẹ̀gì epo ní ìdí ibùsùn mi. Ìyàwó wà níwájú ilé, ó ń rọ epo sínú ìgò fún ẹnì kan.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu omi. Mo ti bá yín tún yàrá ṣe."

"Páálí mi ńkọ́?"

"Páálí wo? Àwọn ike yẹn? Ẹni tó ń ra ike ti kó wọn lọ. Ọ̀kan péré ni mo yọ sílẹ̀, mo fi ṣe àrọ. Ẹ wò ó, ó bá ẹnu ìgò mu, bí ẹni pé torí epo ni wọ́n ṣe ṣe é."

Mo wò ó. Ẹnu tóóró ti ẹ̀rọ ìyá mi ni, epo pupa sì ń gba inú rẹ̀ ṣàn.

"Páìpù ẹ̀rọ ìyá mi ńkọ́?"

Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sókè. "Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe wúlò."

Mo lọ bá bọ̀ọ̀dá mi. Ó ní, "Nítorí páìpù? Ṣé ìwọ náà kì í wẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi omi dúrọ́ọ̀mù wẹ̀ mọ́. Kànga aládùúgbò ni mo ti ń pọn. Mo lè gun àga kí n tú páìpù náà fúnra mi, wáyà lásán ló dè é. Mi ò fẹ́. Ọwọ́ tó so ó ni mo fẹ́ kó tú u, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún mi. Ohun tí mo ń wá nìyẹn, mo sì ń wá a tọ̀sán-tòru.

Mo kọ́kọ́ yàn án lódì. Mi ò kí i, mi ò dá a lóhùn, bó bá wọlé, èmi á jáde. Oṣù kan kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin kan níwájú ilé pé, "Ọkọ mi kékeré yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ lè bá a wí láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní fèsì. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí." Kò mọ̀ pé mo ń bínú. Kò sí ẹni tó mọ̀. Bí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ du ènìyàn, ta ni yóò fura?

Ni mo bá pa ọgbọ́n dà. Ẹ̀rọ tó gbé àpò pọ̀n kò nílò páìpù, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Bí ìyàwó bá ti fẹ́ sùn lọ́sàn-án, tí iná bá wà, màá tàn án, màá sì tì í mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Mo ṣe é lọ́jọ́ kìíní, mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú ni, ó gbé abọ́ tòmátò àti ata dání.

"So na you dey grind pepper for here? Abeg, do my own join."

Kí n tó pa ẹ̀rọ náà, èéfín ti ń jáde lára rẹ̀. Ó jóná níbẹ̀, níṣojú ata. Ìyàwó kò jí. Warri ni a wà; gbogbo ilé ló ní jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò jí nítorí ariwo?

Mo kó ara mi nílẹ̀, mo ń dúró. Mo mọ̀ ọ́n dúró.

Ìyàwó náà ní ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Alájì, ló dípò bàbá fún un, kò sì fẹ́ kó fẹ́ Kristẹni ará odò. Láti ìgbà ìgbéyàwó, kò tíì tẹ ilẹ̀ ilé wa. Nígbà tí òjò ń parí lọ, Alájì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó kò sùn. Ó kun pálọ̀, ó sì ra kápẹ́ẹ̀tì, pupa rúsúrúsú, onírun gígùn, ó tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ọmọ rẹ̀ kékeré ti agbada gàrí ṣubú lé kápẹ́ẹ̀tì náà lórí.

Gàrí wọ inú irun kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a, ó túbọ̀ wọlé. Ó fi ọwọ́ ṣà á, kò tán. Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà àárín ilé, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ìkúnlẹ̀ gidi, kì í ṣe ti àárọ̀.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yín fa gàrí yìí. Bọ̀ọ̀dá yín ti lọ pàdé wọn."

"Èyí tó dúró ti jóná, èyí tó rí rìbìtì kò sì tíì ṣiṣẹ́ rí," ni mo wí.

"Ẹ lo ti màmá. Ìyẹn náà lágbára."

"Páìpù rẹ̀ wà lábẹ́ páànù."

Ó wò mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi ni, mo rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé àpótí tó fi ń jókòó ta epo, ó sì bọ́ sínú òjò. Mo lọ sójú fèrèsé mi. Wáyà náà ti dípẹtà. Ó ń fà á, omi ń da sí i lójú, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Mi ò pè é pé kó wá mú pínsà, bẹ́ẹ̀ ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Nígbà tó yá, ó já a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún mi.

Ohun tí mo ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rò pé yóò tó mi. Kò tó.

Ẹ̀rọ ìyá mi ní ihò méjì. Ti iwájú ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ti ẹ̀yìn ń fẹ́ ẹ jáde. Bí nǹkan bá há sínú páìpù, ihò ẹ̀yìn la ń kì í bọ̀, kó lè fẹ́ ìdọ̀tí náà sóde. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ti ń ṣe é, á sì kọjú páìpù sí igbó. Èmi gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mo ki páìpù bọ ihò ẹ̀yìn, mo sì kọjú rẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó dúró lẹ́yìn mi, ó ń ṣàdúrà. "Ọlọ́run yóò fún yín lọ́kọ rere. Yóò fún yín nílé tó ní kápẹ́ẹ̀tì."

Mo tan ẹ̀rọ náà.

Ó kọ́kọ́ há, ó ń ké bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun tó ti wà lórí òrùlé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò jáde lẹ́ẹ̀kan náà: omi dúdú, ewé jíjẹrà, ìpẹtà, ẹrẹ̀, àti ọmọńlé kan tó ti kú. Ó bo kápẹ́ẹ̀tì, ó ta sára ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Mo pa ẹ̀rọ náà.

Mọ́tò dúró níta. Bọ̀ọ̀dá mi wọlé pẹ̀lú agboòrùn, Alájì tẹ̀ lé e. Alájì bọ́ bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀. Ó tún bàtà náà wọ̀. Orí ìdúró ló ti kí wa, ó sì padà sínú mọ́tò.

Ìyàwó kò bú mi. Ó yàn mí lódì. Òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi dákẹ́ rọ́rọ́, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Àwọn oníbàárà ń béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Obìnrin yàrá iwájú gbé ọbẹ̀ wá kí i. Èmi dákẹ́ fún oṣù kan gbáko, ata ni wọ́n gbé wá fún mi.

Bọ̀ọ̀dá mi wá bá mi ní yàrá.

"Lọ bẹ ìyàwó mi."

"Ọkọ kì í kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó," ni mo wí. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Ó jáde.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ẹnu tóóró tí ìyàwó fi ṣe àrọ lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Àwọn kẹ́ẹ̀gì epo pẹ̀lú ti kúrò ní ìdí ibùsùn mi. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo tún fọ̀ ọ́. Epo náà kò lọ. Ó ti wọ inú ike.

Títí di òní, bí mo bá ń fi í fa kọ̀rọ̀ yàrá mi lọ́jọ́ Ìsinmi, òórùn epo pupa ló ń tú jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Ní báyìí mo ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí òórùn náà lè dé ọ̀dọ̀ ìyàwó níwájú ilé.