Ohun Tí Kíláàsì Ọ̀sán Kọ Nípa Bàbá Ìwọ̀n

Bàbá Ìwọ̀n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Òun náà mọ̀, kò sì bínú sí i. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í wọ̀n. Nígbà tí ibà mú ọmọbìnrin rẹ̀ ní kékeré, ńṣe ló jókòó tì í, tó ń ya ìlà sórí bébà láti fi hàn bí ara ọmọ ṣe ń gbóná sí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí ìyàwó rẹ̀ fi pariwo pé, "Dádì, ẹ fún ọmọ lóògùn, ẹ jẹ́ á rímú mí!" Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ni ní físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, kò sì pa kíláàsì jẹ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀.

Kíláàsì méjì ló ní. Ti àárọ̀ wà lókè, nínú yàrá tó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, tí atẹ́gùn máa ń gbé bébà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká. Ti ọ̀sán, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ooru àti gáàsì, wà nísàlẹ̀, nínú yàrá gígùn kan tó fara ti ilé ìdáná ilé ìwé. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n kó wọn lọ síbẹ̀, àwọn olè tó ń jí irinṣẹ́ sì ló mú kí wọ́n fi ìṣó kan gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Ní ìsàlẹ̀ yàrá náà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn pákó tí wọ́n fi pààlà, ni Wáyà máa ń jókòó. Wáyà ló ń tọ́jú irinṣẹ́, òun ló ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Bó bá na ọwọ́, á kan ògiri ilé ìdáná.

Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ilé ìwé máa ń pín bébà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n kọ èrò wọn nípa olùkọ́ láìfi orúkọ sí i. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá Ìwọ̀n tẹ́ tirẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Ó kọ́kọ́ ka ti àárọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n ohun tó bá kọ́ ẹ, o ò lè gbàgbé ẹ láé." Òmíràn kọ ọ́ pé, "Bí Bàbá Ìwọ̀n bá kú, kí wọ́n yáa wọn pósí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì o, kó má baà dìde wá yẹ̀ ẹ́ wò." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

"Èyí ò dùn ún gbọ́, Dádì. Ẹ yéé fi ikú ṣeré."

Ó wá fa ti ọ̀sán jáde. "Oorun máa ń kùn mí ní kíláàsì yìí." "Tí mo bá ti wọlé lorí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, tí mo bá jáde á ṣíwọ́." "Mo fẹ́ràn físíìsì kí n tó dé yàrá yìí." "Èébì gbé mi lẹ́ẹ̀mẹta." Àwọn kan ò tiẹ̀ kọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: oorun. Ní abẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹnì kan fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé, "Olùkọ́ máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ ọ́."

Èyí gún un lọ́kàn. Kò kà á fún ìyàwó rẹ̀. Ó ka bébà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó rí i pé ogún nínú wọn ló mẹ́nu kan oorun tàbí orí fífọ́, ó sì kọ ogún náà sílẹ̀. Ó ka iye, kò bi ìdí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá àgbà ilé ìwé, obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ jókòó, sà. Sáà kẹrin rèé tí kíláàsì ọ̀sán ń sọ ohun kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀wé sí èmi gan-an."

"Ọ̀lẹ ni wọ́n, mà. Wọn á jẹun yó tán, wọn á wá sùn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí báyìí ní sáà tó ń bọ̀, màá gbé ẹ̀kọ́ yẹn fún ẹlòmíì."

Bàbá Ìwọ̀n jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe di pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wọlé ní sáà tuntun, ó to òfin sílẹ̀ fún àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó bá níjòókòó.

"Ẹni bá pẹ́ dé, ìta ló máa wà. Ẹni bá sùn, á dúró lórí ẹsẹ̀ títí aago á fi lù. Kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé òun ń lọ gba atẹ́gùn."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì jù ú sápò. Láti ọjọ́ náà ló ti ra ìwé kékeré kan, tó ń kọ iye àwọn tó bá sùn sínú rẹ̀ lójoojúmọ́: mẹ́rin, méje, mọ́kànlá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan tó ní kó dúró ṣubú lulẹ̀ gbì, àgbọ̀n rẹ̀ sì kan etí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ bo kọ́là aṣọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, tó rí atẹ́gùn díẹ̀, ó lajú, ó ń bi wọ́n pé ibo lòun wà. Bàbá Ìwọ̀n ní kò jẹun kó tó wá. Ó padà wọlé, ó sì tún ti ilẹ̀kùn.

Ara Wáyà pàápàá ò lélẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó lè fi ojú dídì tú rédíò palẹ̀ ti wá di ẹni tí irinṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń gbá àfọ́kù gíláàsì jọ, ó dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá, yàrá yìí ò fẹ́ràn èèyàn."

"Wáyà, yàrá kì í fẹ́ràn ẹnì kankan, kì í sì í kórìíra ẹnì kankan. Bílọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni."

"Ẹ máa fi mí ṣẹlẹ́yà. Tí mo bá ti dé ibí lọ́sàn-án, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Mi ò sì rí onítọ̀hún."

"Lọ sinmi, jàre. Ọtí àná ló ń dà ẹ́ láàmú."

Wáyà kì í mutí. Àwọn méjèèjì mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú ẹnì kankan nínú wọn. Orí ti ń fọ́ Bàbá Ìwọ̀n fúnra rẹ̀ láti àárín ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ìgò ojú rẹ̀ ló ti gbó. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀, orí ò yéé fọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kíláàsì nítorí pé ó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ó ti ránṣọ fún ọdún mẹ́wàá kó tó padà sílé ìwé. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeé kan, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó wá bá olùkọ́ náà ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì táwọn alásè ò wá síṣẹ́, ta ló sùn ní kíláàsì?"

"Kí ló kan àwọn alásè nínú físíìsì?"

"Ẹ ṣáà wo ìwé yín, sà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀ ń kọ wá sílẹ̀."

Ó fa ìwé kékeré náà yọ láti já a nírọ́. Mọ́ńdè: òdo. Túsìdeé: òdo. Wẹ́sìdeé tí ilé ìdáná ṣí: mẹ́sàn-án. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, sí ọjọ́ ìsinmi kan tí kò sẹ́ni tó dáná, tí òun fi ipá kó wọn wá fún àtúnkọ́: òdo. Ó pa ìwé náà dé.

Ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ẹ̀rọ tí ń se omi gbígbóná ni, gáàsì ló ń lò, ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń tan án láti fi fọ abọ́. Gáàsì kan wà tí iná máa ń mú jáde bí kò bá rí atẹ́gùn tó. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó bá ń fà á símú kì í mọ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti fi kọ́ wọn. Inú yàrá yẹn gan-an ló ti kọ́ wọn.

"Wáyà dà?" Kò mọ̀ pé òun pariwo.

"Ó wà nísàlẹ̀, sà. Ó ń to irinṣẹ́."

Àwọn méjèèjì sáré. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú nítorí olè. Wọ́n kàn án, wọ́n pe Wáyà, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Kíláàsì gbé àga onírin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọ́ fèrèsé, lẹ́yìn náà wọ́n jọ fi èjìká lu ilẹ̀kùn títí àgádágodo fi já. Lẹ́yìn pákó ni wọ́n ti bá Wáyà, orí rẹ̀ wà lórí tábìlì bíi ti ọmọ ilé ìwé tó ń tòògbé. Ètè rẹ̀ pupa lọ́nà tí kò yẹ kí ètè èèyàn pupa. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ jáde sórí koríko.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó wọlé rárá. Wọ́n rí i pé páìpù tó ń kó èéfín jáde ti dípẹtà, ó ti lu nínú ògiri.

"Èèyàn mélòó ló ń jókòó síbí?" ọkùnrin náà bi í.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n. Àti èmi. Àti òun."

"Ilẹ̀kùn máa ń wà ní ṣíṣí?"

"Èmi ni mo máa ń tì í."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ti yàrá náà pa. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó kíláàsì ọ̀sán lọ sókè, Bàbá Ìwọ̀n dúró níwájú wọn, ó ní, "Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ dárí jì mí." Ọmọbìnrin tó fi àgbọ̀n gbá tábìlì ń wo ìta. Kò sẹ́ni tó sùn lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Wáyà ò kú, ṣùgbọ́n kò padà síṣẹ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di ìṣó mú mọ́, ọ̀rọ̀ a sì máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí. Bàbá Ìwọ̀n ń lọ kí i ní Sátidé. Wáyà a jókòó lẹ́bàá fèrèsé, a rẹ́rìn-ín sí i, a ní, "Ọ̀gá, kíláàsì ti parí?" Bàbá Ìwọ̀n a ní ó ti parí. Láìpẹ́, Wáyà á tún bi í.

Ní Sátidé kẹrin, ìyàwó Wáyà gbé omi tútù fún Bàbá Ìwọ̀n nínú ife, ó sì dúró tì í.

"Wọ́n ní àwọn ọmọ yẹn ti ń kọ ọ́ sínú bébà fún yín. Ó ti tó ìgbà wo?"

Ó lè sọ pé òun ò rántí. "Ọdún méjì," ló sọ.

Obìnrin náà mi orí. Ó na ọwọ́, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sí yàrá ìdáná pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Bàbá Ìwọ̀n jókòó ti Wáyà títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n kò fi omi lọ̀ ọ́.