Ewúrẹ́ Tí Mo Kọ̀ Lọ́wọ́ Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń rán mi lọ fọn iná wá nílé aládùúgbò, agbolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ilé ewúrẹ́. Èèyàn ń gbé ibẹ̀, ewúrẹ́ náà ń gbé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni ín ju ẹnìkejì lọ. Bí o bá tẹ́ ẹní sílẹ̀ lọ́sàn-án láti sùn, o lè jí kí o bá òbúkọ tó ti jẹ etí ẹní náà tán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra ẹran nínú ọ̀rá, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹran ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó nídìí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀, ẹni tí èmi fúnra mi bí, kò fẹ́. Dókítà èèyàn ló fẹ́ kó ṣe. Lójú mi ló ti sọ fún un pé, "Gbogbo ọpọlọ tí Ọlọ́run fún ẹ yìí, orí màlúù lo fẹ́ lọ ná an sí?" Mi ò dá sí i lọ́jọ́ yẹn, nítorí n kì í fèsì ọ̀rọ̀ kí n tó gbé e yẹ̀ wò. Mo ti gbé e yẹ̀ wò báyìí.

Ìyá mi ni wọ́n máa ń fún ní ẹran sìn jù ládùúgbò wa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó bá ní abo ewúrẹ́ tí kò sì ráyè tọ́jú rẹ̀ yóò fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, àkọ́bí di ti ẹni tó ni ewúrẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e di ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì máa pín in lọ. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, ìjà kì í sì í sábà wáyé. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀. Ẹni tó ń sìn ín kò gbọdọ̀ ta ẹran náà, kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irin kan ara rẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tó ń ta igbá fínfín ní Ọ̀yọ́, ló ni ewúrẹ́ pupa kan tí ìyá mi ń sìn. Nínú ìpín tó kan ìyá mi, ó fún mi ní ọmọ dúdú kan, abo, tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ní láyé tí kì í ṣe aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi ti wọ̀ rí. Bí mo bá ti fi èékánná lu etí agbada, yóò yọ sí mi láti ibi yòówù kó wà, nítorí ó mọ̀ pé èèpo iṣu ń bọ̀. Àwọn ọmọ ìyókù náà lu agbada wọn títí, kò tilẹ̀ yíjú wò wọ́n.

Ní àkókò náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò wa pẹ̀lú àpótí lẹ́yìn. Bàbá Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gún ẹran lábẹ́rẹ́ kí àìsàn má baà pa wọ́n. Nǹkan ẹ̀rín ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọmọdé á sá tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Dókítà ewúrẹ́, inú ń run òbúkọ wa o." Òun náà á ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ sọ fún un kó yọ ahọ́n síta dè mí." Kì í bínú.

Ilé wa ló ti máa ń mu omi. Mo máa ń jókòó tì í kí n máa bi í ní ìbéèrè, kì í sì í lé mi. Ó kọ́ mi pé kí ọwọ́ ẹni tó kan ẹran, kí ojú ti kọ́kọ́ kàn án. Ó ní, "Dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Wò ó bóyá ó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àbí ó dá dúró. Wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ń jẹ àpọ̀jẹ. Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le kì í fi ẹnu sinmi. Wo imú, wo irun ara, wo ìdí. Ẹran kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ kì í parọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò wọ́n. Ìyá mi á ní mo ń fi iṣẹ́ ilé ṣeré. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ìròyìn kàn wá pé ewúrẹ́ ń kú ní Ìkòyí-Ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n tún ní ó ti dé apá Ìrẹsà. Ikun á máa dà nímú ẹran, yóò máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kò ní pẹ́ kó tó kú. Bàbá Abẹ́rẹ́ wá, ó ní tí ọjà kejì bá ti ná, òun ń bọ̀ wá gún ti agbolé wa, kí àìsàn náà tó dé. Ó ní èyí tó bá ti ń ṣàìsàn kò ní gbádùn abẹ́rẹ́ mọ́. Èyí tí ara rẹ̀ dá ni ó wà fún.

Ìyá mi ní, "Adúmáadán ti ọmọ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ pupa kì í ṣe tèmi. Bó bá gún un tí oyún inú rẹ̀ wálẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Bàbá Abẹ́rẹ́ ní bí wọ́n bá gún àwọn kan tí wọ́n fi ìyá wọn sílẹ̀, kò dára. Wọ́n ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ewúrẹ́. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò lè rìnrìn àjò. Bí wọ́n ṣe fi mí sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ nìyẹn, tí wọ́n fà mí lé awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sọ nínú ara mi.

Mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi láàárín igbá, ó ń nu wọ́n. Ìyá kan tó wá ra igbá jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo oníbàárà rẹ̀. "Ẹ gbọ́ nǹkan. Ewúrẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ ọsibítù."

"Wọn ò ní pẹ́ fún un ní káàdì," ni ìyá kejì dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, dìde," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ẹ gún un. Ẹran yín ni, ẹran mi ni. O ṣeun tó o wá. Wá, mo ní nǹkan fún ẹ."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ara ògiri, ewúrẹ́ funfun tó ga, tó sì rẹwà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, kò fẹ́ jẹun. "Ilé yìí ni kò gbà á. Mú un lọ bá ìyá rẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún ẹran. Mo fi ta ẹ́ lọ́rẹ. Ìwọ ni kó o ni ín."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí mi. Ewúrẹ́ ńlá, tèmi. Nígbà náà, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe nìyẹn: bí ara ẹran kò bá ti dá nílé kan, wọ́n á ní ilé kò gbà á, wọ́n á gbé e lọ sí ilé mìíràn, tí wọ́n á sì rò pé oore ni àwọn ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti dúró, mo ti ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò jẹ àpọ̀jẹ kankan. Irun ara rẹ̀ dúró. Imú rẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ, eṣinṣin sì ń bà lé e, kò gbọn orí. Àwọn ewúrẹ́ ìyókù wà lápá kejì, wọn ò sún mọ́ ọn.

Mo padà kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn. Mi ò lè mú un lọ."

Ó ní, "O ò lè kí ni?"

"Ara rẹ̀ ò dá, mà. Tí mo bá mú un wọ àárín tiwa, á kó àìsàn ran ewúrẹ́ pupa yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ó sọ́tọ̀. Tí ara rẹ̀ bá yá, èmi fúnra mi á padà wá mú un."

Ìyá tó wá ra igbá ti tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìnkùlé. Ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ tí a kò tíì dá etí rẹ̀ lu tán, ó ń kọ ẹ̀bùn àgbà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ sọ fún Bàbá Abẹ́rẹ́ yín pé tó bá gún ewúrẹ́ tán, kó bá mi gún ẹnu ọmọ yìí náà. Aláìmoore." Ó wọlé lọ. Kò sin mí dé ìdíkọ̀. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kí awakọ̀ dúró kí n padà lọ mú un.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó gbé ọwọ́ lérí. Nígbà tó yá ó ní, "Kí lo rí lára rẹ̀ gan-an?" Mo sọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ kó o tó dé ìdí ẹran." Mo mọ̀ pé ó ti gbà mí gbọ́.

Bàbá Abẹ́rẹ́ dé bó ṣe sọ. Èmi ni mo di Adúmáadán mú. Ó ké, ó ta mí ní ìpá, mi ò fi í sílẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà wọ àdúgbò wa, òkú ẹran kún ẹ̀yìn agbolé mìíràn. A pàdánù lára tiwa náà, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n èyí tó kù pọ̀ ju èyí tó lọ. Ewúrẹ́ pupa yè. Adúmáadán yè.

Òjò ti ń lọ sílé kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá kí wa. Ó jẹun, ó mu omi, ó gbé ọmọ jòjòló jó. Lẹ́yìn náà ló pè mí. Ó ní, "Ewúrẹ́ funfun yẹn kú. Ó kó gbogbo èyí tó wà nílé mi lọ." Ó nawọ́ sí ewúrẹ́ pupa. "Ká ní o mú un wá ni, ewúrẹ́ wo ni ǹ bá máa wò níbí?"

Adúmáadán ti bímọ nígbà náà, ọmọ rẹ̀ kan sì ti já lẹ́nu ọmú, abo ni. Mo lọ gbé e wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi sìn ín, mà."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó fi gèlè nu ojú. "Èmi ni kí n bá ìwọ sìn ẹran? Kí n wá máa gbàṣẹ lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó sì gbé e. Títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, bó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun sí ìran ewúrẹ́ náà, yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Mo sọ fún Bàbá Abẹ́rẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ní ojú fún un, ṣùgbọ́n ìwé ló kù. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì kẹta. Kò sí ẹni tí mo ń bá wí. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọmọbìnrin nígbà náà. Mo sin ewúrẹ́ ní tèmi. Òun ni mo tà tí mo fi rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé, títí kan ẹni tó ń bi ọmọ rẹ̀ bóyá orí màlúù ló fẹ́ ná ọpọlọ sí. Orí ewúrẹ́ ni tirẹ̀ ti wá.

Ayé ti yí. Ọmọ ọmọ mi ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kọ́ ajá ní ìwà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ òbúkọ àdúgbò wa. Ó ní àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ìṣe ẹran ni wọ́n kàn ń wò, tí wọ́n sì ń gbowó oṣù. Èmi wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Láyé ìsinsìnyí, wọ́n á fi fóònù ya ẹran tó ń ṣàìsàn ní Ìkòyí-Ilé, dókítà á sì rí i láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé ilé kò gbà á.

Nígbà tí Iléyá tó kọjá ń bọ̀, ọkọ ọmọ mi obìnrin fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé àgbò kan wá fún mi. Ọmọ mi ọkùnrin ti di okùn rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á lọ síbi tí àwọn ẹran mi wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wá ọdún láti Ìbàdàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò. Ó sì wá kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú un wọlé. Ó ń wúkọ́, kò sì jẹ àpọ̀jẹ."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ̀bùn àna ìyá mi ni." Ó yíjú sí mi kí n bá ọmọ náà wí.

Mo dìde, mo gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo so àgbò náà sábẹ́ máńgòrò níta, òun nìkan. Mo ní, "Ohun tí dókítà bá sọ là ń ṣe."

Ọmọ mi ọkùnrin lọ bu omi wá fún àgbò náà. Lórí ìkúnlẹ̀ ni èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan ní Ọ̀yọ́, aláìmoore ni wọ́n pè mí. Ọmọ ọmọ mi náà kúnlẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́.