Ẹja Tó Ń Léfòó Nísàlẹ̀ Ìtẹ́ Idì

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Nettie Kaskoe ti ń ya fọ́tò idì olórí funfun. Ẹja la jọ ń yan ní etíkun Alaska níhìn-ín, èmi ń là á, òun ń gbé e sórí èéfín. Bó bá ti ṣíwọ́, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á lọ jókòó sórí àpáta tó kọjú sí igi tí idì kan kọ́ ìtẹ́ sí. Kì í ju nǹkan kan sí ẹyẹ. Ó ní, "Èyí tó bá fẹ́ kí n ya òun, á wá. Èyí tí ò bá fẹ́, kó máa lọ."

Orúkọ ẹyẹ méjì, idì àti ìwò, ni wọ́n fi ń pe àwọn ìdílé wa níbí. Ìdílé idì ni òun àti Ruben àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìdílé ẹyẹ ìwò ni tèmi, ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú ló fẹ́ mi. Láyé àtijọ́, arákùnrin àti arábìnrin tó ti dàgbà kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà níbí. Ọ̀pọ̀ ti pa á tì. Nettie ò pa á tì. Ọ̀rọ̀ tó bá ní fún Ruben, èmi ló ń rán, bí Ruben tiẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ idì méjì ló wà nínú ìtẹ́ náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje, Nettie bá ọ̀kan nílẹ̀. Àwọn ẹyẹ ìwò ti fa ikùn rẹ̀ ya, ìdin ti bo ojú rẹ̀. Nínú ìfun tó tú síta, fóòmù funfun wà níbẹ̀ wóró-wóró, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ó ti lẹ̀ mọ́ egungun ẹja ṣáwá. Nettie bì lẹ́ẹ̀mejì. Kò fọwọ́ kàn án, òfin tó ń dáàbò bo idì ò gbà á. Fọ́tò mẹ́fà ló yà.

Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì mi níbi tí Ruben ti ń jẹun. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ruben ń fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé àwọn àlejò onífọ́tò lọ wo idì.

"Ìyá Lorena, ẹ bi ẹni tó ń lá ṣíbí yẹn pé kí ló ń kì sínú ẹja."

"Ẹ sọ fún un pé ẹja lásán máa ń rì. Fóòmù ló ń mú un léfòó, kí idì lè wá gbé e níwájú kámẹ́rà. Àwọn àlejò ló ní kí n ṣe é."

"Bí wọ́n bá ní kó jẹ ìgbẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé idì ń ya pámpáàsì ọmọ jẹ lórí ààtàn wa. Ṣé fóòmù ló máa wá pa á?"

Nettie ti kámẹ́rà sí mi, mo ti í sí Ruben. Ó wo fọ́tò kẹta. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra rẹ̀.

Nettie ní, "Ẹ sọ fún un pé ó ku ọ̀kan nínú ìtẹ́. Kò ní lè fò títí oṣù yìí á fi parí. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá gbé wá ló máa jẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ruben sọ fáwọn àlejò pé òun ò ṣe mọ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, fóòmù ò ṣe nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà la fi ń nù ún kúrò lẹ́nu ẹja nínú fọ́tò. Ta ló máa mọ̀?" Ruben tutọ́ sínú omi, ó já wọn sílẹ̀.

Wọ́n gba ọkọ̀ ẹlòmíì. Ruben ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́, bí wọ́n bá ti ń ju ẹja ló ń kó o, kí idì tó dé ibẹ̀. Wọ́n bú u. Wọ́n ní wèrè ni. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe é. Mo ka ẹja inú korobá: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Idì gba méjì mọ́ ọn lọ́wọ́, a ò sì sùn dáadáa nítorí méjì yẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọmọ idì náà fò. Nettie ò yà á. Korobá ló yà, pẹ̀lú ikùn ẹja tó ti jẹrà, tí fóòmù ń yọ lẹ́nu wọn, ó sì gbé fọ́tò náà kọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú níbi táwọn àlejò ń gbà kọjá.

Ruben wọlé sí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nettie bo imú.

"Ìyá Lorena, ẹ sọ fún un pé ó ń rùn."

"Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀."