Ìyá Ìtumọ̀ Dúró

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló ni ìtàn yìí. Èmi ni mò ń sọ ọ́, nítorí tí ẹ bá bi àwọn fúnra wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà "ìtàn" ti ṣẹ̀, ẹ ò sì ní tètè dìde.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù àdúgbò wa. Ẹni tó bá ń sọ èdè tí adájọ́ ò gbọ́, Màmá ló ń túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ òfin tó gba ẹnu wọn kọjá ni wọ́n ń kọ sínú ìwé pupa kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ìtumọ̀. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń sú mi. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe. Màá ti sáré káàkiri láti àárọ̀, màá fẹ́ jẹun, Màmá á ní ṣé mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ń jẹ́jọ́. Wọ́n á ní ẹnì kan ló pe ẹjọ́, ẹnì kejì ló ń jẹ́ ẹ, bí ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn lórúkọ tó sì dáhùn. Nítorí náà, ẹjọ́ tí wọn ò bá jẹ́ kí èèyàn fèsì sí, kì í ṣe ẹjọ́ rárá. Wọ́n á tún ní agbẹjọ́rò ni ẹni tó gba ẹjọ́ ẹlòmíì, tó ń bá a rò ó, kì í ṣe ẹni tó gbà á tó ń fi pariwo. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá ìtumọ̀ la máa sè jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu ọbẹ̀ kún tèmi.

Àfi ìgbà tí ọlọ́pàá mú obìnrin télọ̀ tó ń gbé ní yàrá kejì sí ti Màmá. Ọmọ oṣù mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan ló ní ó jí aṣọ òun. Télọ̀ ní àbúrò oníbàárà yìí ló wá gba aṣọ náà, ó sì ní ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ọ̀hún wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí télọ̀ tó lè lọ sílé, kó mú onídùúró tó nílé wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtìmọ́lé ni yóò wà títí ọjọ́ náà. Ilé wo? Ayálégbé ni gbogbo wa. Onílé wa ní òun ò fẹ́ wàhálà. Ọmọ ń ké lọ́wọ́ mi, ó kọ wàrà inú ìgò, inú sì ń bí mi.

Màmá ṣí ìwé pupa wọn, wọ́n kà á, wọ́n pa á dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ, wọ́n ní kí n gbé àwọn àti ọmọ náà lọ sí kóòtù. Mo ní kí wọ́n má lọ fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì ní bíríkì kan láyé yìí. Wọ́n ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́. Wọ́n ní nínú ìwé òfin àkọ́kọ́ tí kóòtù yẹn gan-an lò, kì í ṣe ilé ni wọ́n fi ń ṣe onídùúró, ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí kò nílé á dúró síwájú adájọ́ láti ìgbà tí kóòtù bá ṣí. Ẹni tí wọ́n mú á lọ sílé, á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà kí kóòtù tó parí. Bí onídùúró ò bá jókòó, tí kò fara ti nǹkan kan, tí ẹni náà sì padà, kóòtù á gbà á ní onídùúró títí di ọjọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fagi lé òfin ọ̀hún.

Agbẹjọ́rò oníbàárà yẹn bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí akọ̀wé lọ wá ìwé náà ní yàrá ẹrù. Akọ̀wé gbé e dé, eruku bò ó, ojú ewé tí Màmá dárúkọ ni wọ́n ti rí i. Adájọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹsẹ̀ Màmá.

"Màmá, ṣé ẹ̀ẹ́ lè dúró di aago mẹ́ta?"

"Olúwa mi, ìdúró ni mo fi ṣe iṣẹ́ níbí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú télọ̀ jáde látìmọ́lé, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sílé. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mìíràn, mẹ́rin, márùn-ún, Màmá ò mira. Nígbà tó di ọ̀sán, orúnkún òsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fa àga sún mọ́ wọn, wọ́n wò mí, mo fà á padà kíá. Láti ìgbà náà ni èmi náà ò ti jókòó mọ́. Aago méjì lù, kò sí télọ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú, kò sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ti ń bá télọ̀ jà nínú ọkàn mi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ó wọlé, ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó yó.

Gbogbo kóòtù pàtẹ́wọ́, adájọ́ ò sì dá wa lẹ́kun. Ó ní kí Màmá jókòó. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ ná. Akọ̀wé kọ ọ́, ó dé ibi tí wọ́n ń kọ ilé onídùúró sí, ó gbójú sókè, ó ní kí lòun máa kọ síbẹ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," adájọ́ ní, "pé ó dúró."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹlẹ́rìí dé, wọ́n tú ẹjọ́ náà ká, oníbàárà sì tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdúró yẹn, bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná jó orúnkún Màmá, èmi fúnra mi ni mo béèrè pé, "Màmá, adájọ́ ńkọ́? Ibo lorúkọ yẹn ti ṣẹ̀?" Wọ́n ní kí n lọ gbé ìwé pupa wá.