Ọjọ́ Tí A Wá Ọ̀nà fún Èéfín ní Peckham

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè gbé ìkòkò kaná fúnra mi, inú èéfín ni mo ti ń ṣeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ilé ìdáná ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ò ní fèrèsé kankan. Àárín koríko òrùlé ni èéfín ń gbà jáde, nígbà tó bá wù ú. Lórí àjà tó wà lókè ààrò ni wọ́n ń to àgbàdo àti ẹja sí kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Tí mo bá wúkọ́, wọn á ní èéfín lásán ni, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ọmọ mi obìnrin ṣe àríyànjiyàn nígbà tó ra sítóòfù onígi sí pálọ̀ wa ní Peckham. Ha, inú mi dùn sí sítóòfù yẹn! Mo ń fọwọ́ pa á lára bí àgbò iléyá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ra láínà, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n ń kì bọ inú ṣímínì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní ṣé òtútù ń mú ṣímínì ni, tí a fẹ́ wọ ẹ̀wù fún un?

Ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n do smoke test first. Ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí ní asthma." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wí. Òkè pálọ̀ gan-an ni yàrá ọmọ náà wà.

Oníṣẹ́ ṣímínì náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kennington, tan nǹkan kékeré kan tó ń rú èéfín sí ìdí ṣímínì, ó ní kí n lọ wo òkè. Mo gòkè tayọ̀tayọ̀, kí n lè sọ̀ kalẹ̀ wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Èéfín ń yọ lára ògiri, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà! Àyà mi já. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó wà níléèwé.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. "Láínà wo ló lágbára jù?"

"Mummy, ẹ calm down," oníṣẹ́ náà ní. "Èyí tó thin yìí, fún àwọn tó ń dáná once in a while ni. Ẹ̀yin máa lò ó every day, ẹ mú èyí tó strong."

"Òun náà ni! Ẹ bá mi fi sí i kíákíá!"

Ọ̀sán Sátidé ni a kọ́kọ́ dáná. Mo jókòó ti ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń gbóòórùn ògiri.

"Grandma, why? Kí lẹ ń smell?"

Kò sí nǹkan kan! Ó sùn lọ, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alhamdulillahi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá àgbà fẹ́ràn mi bí ẹyinjú, wọn ò kàn mọ̀ ni. Èmi fẹ́ràn ọmọ yìí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì ku díẹ̀ kí n fi agídí mi tẹ́ ẹ sùn sínú èéfín.