Ìbọn Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà ní Mission Bend, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, síbẹ̀ kò gbé ooru lọ. Fèrèsé ń làágùn, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ni lára. Káyọ̀dé, ọmọ mi, gbé àpótí kékeré kan ka orí tábìlì. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Kò sí ọta níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu ìbọn náà.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ìbọn ṣe lọ́la. Wọ́n á bó àwọ̀ ara irin àti igi yìí kúrò, wọ́n á kùn ún lákọ̀tun, á dà bíi tuntun."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ mi ò lè jókòó. Mo fọ abọ́ tó mọ́, mo tún un fọ̀. Òórùn òróró ìbọn yẹn ti gbé mi dé abúlé wa.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà lára ògiri, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn fún àdín àti èéfín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ìyá mi sì ti yìn mí bà jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ ìkòkò í fọ̀ bí èmi. Lọ́jọ́ kan tí bàbá lọ kí àna wọn, mo gbé ìbọn náà dé ẹ̀yìnkùlé. Eérú, yanrìn, kànìnkànìn. Mo ha á títí irin fi ń kọ mànà, igi ìdí rẹ̀ sì funfun bí egungun. Mo dúró de ìyìn.

Nígbà tí bàbá dé, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá wọn wá ló kọ́kọ́ rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ọdẹ, ṣé dígí lẹ fẹ́ gbé lọ fún ẹtu kó fi wojú ni?"

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì nà mí. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa igi náà. "Àbẹ̀kẹ́, ohun tó ń dán, ẹran ló ń kọ́kọ́ rí i. Irin á tún dúdú. Àmọ́ àmì ọwọ́ bàbá mi ló wà lára igi yìí, o sì ti fọ̀ ọ́ dànù."

Wọ́n fi àdín pa á lójoojúmọ́. Irin dúdú padà. Igi ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo tún ṣí àpótí náà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí Káyọ̀dé tó dé. Ibì kan wà lára igi ìdí ìbọn náà tó ti jẹ wọnú díẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ọkọ mi máa ń sinmi sí nígbà tó bá ń nù ún ní Sátidé. Àbẹ̀kẹ́ ọlọ́dún mẹ́jọ ì bá sọ pé ìdọ̀tí ni. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìpẹtà náà kì í ṣe ìrántí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fi àkísà àti òróró nu ìpẹtà ẹnu ìbọn náà díẹ̀díẹ̀, mi ò kan igi. Káyọ̀dé jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ṣé kí n máa gbé e lọ?"

"Mú àtàǹpàkò rẹ wá."

Mo gbé e lé ojú ibi tí ti bàbá rẹ̀ máa ń sinmi sí. Ó rọra mú ọwọ́ kúrò, ó bọ́ sínú mọ́tò láìgbé ìbọn náà. Mo ti àpótí pa, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà mo lọ fọ ìkòkò mi, mo sì fọ ìyẹn títí ó fi dán.